Ìdásí ọ̀rọ̀ ìlú ni, kì í ṣe "ìkópa nínú òṣèlú"

Bí ìbò Amẹ́ríkà bá ti ń sún mọ́lé báyìí, àwọn oníròyìn wa á tún gbé e dé: "ìkópa àwọn obìnrin Látínà nínú òṣèlú." Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń kọ ọ́ ní "sífíìkì patisipéṣọ̀n" (civic participation lédè Gẹ̀ẹ́sì), bí ẹni pé Yorùbá ti tán nílẹ̀. Ìdásí ọ̀rọ̀ ìlú ni èmi ń pè é, n kò sì ní yí i padà. (Látínà ni obìnrin tí ìran rẹ̀ ti Mẹ́síkò, Puerto Rico, Kúbà àti irú ibẹ̀ wá.)

Létí Yorùbá, òṣèlú ni pósítà, ẹgbẹ́ àti ìrẹsì tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ ìbò. Obìnrin tó bá gbọ́ ọ á ní òun ò bá wọn ṣe. "Ìkópa" náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ètò ẹlòmíràn lèèyàn ń kópa nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n bá fi í sí. Ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ kò dúró gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ìyàwó ilé tó ń gún iyán ìpàdé ẹbí. Ilé ìdáná ló wà tó ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ta ilẹ̀ tí òun ń dáko sí. Lọ́jọ́ tó bá gbé ọmọ odó sílẹ̀, tó nu ọwọ́ mọ́ ìró, tó wọ pálọ̀, tó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ ò bi wá o," ìdásí nìyẹn.

Dolores Huerta, Látínà kan tó jà fún òṣìṣẹ́ oko, kò wọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, rí. Nílùú Stockton ní Kalifóníà, láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó ń forúkọ àwọn ọmọ Mẹ́síkò sílẹ̀ fún ìbò. Ní 1962, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, César Chávez, dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko sílẹ̀, òun gan-an ló sì ń jókòó ti àwọn olóko àjàrà tó ń bá wọn dúnàá-dúrà. Ẹnu rẹ̀ ni "Sí, se puede" ti jáde ní Arizona ní 1972: ó ṣeé ṣe. Ileana Ros-Lehtinen, tí wọ́n bí ní Havana, di Látínà àkọ́kọ́ ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní 1989. Catherine Cortez Masto ni Látínà tó kọ́kọ́ wọ Sẹ́nétì, nínú ìbò 2016.

"Ẹ gbà wọ́n níyànjú" tí wọ́n ń sọ lórí rédíò náà ń bí mi nínú. Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n? Ohun tó dí ọ̀nà ni kí wọ́n gbé kúrò. Ní 1975, òfin Amẹ́ríkà sọ pé níbi tí àwọn elédè Sípéènì bá ti pọ̀ tó, ìwé ìdìbò gbọ́dọ̀ wà ní èdè wọn. Ní Las Vegas, Culinary, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, fi í sínú àdéhùn pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà ìbò, kó sì padà bá iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì á wá máa kan ilẹ̀kùn kiri nítorí ìbò, á máa fi èdè Sípéènì bá ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó ilé. Ìyànjú orí rédíò kò lè ṣe ìyẹn.

Àwọn kan ní "dá sí" ń rùn bí àtojúbọ̀, pé a máa ń sọ pé "má dá sí ọ̀rọ̀ tí ò kàn ọ́". Ohun tí mo ṣe yàn án nìyẹn! Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn obìnrin yìí náà nìyẹn, pàápàá èyí tí kò tíì di ọmọ onílùú. Síbẹ̀, ó lè dìde sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Ní San Francisco, láti 2018, òbí tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà ń dìbò yan ìgbìmọ̀ náà pàápàá. Kí àwọn onípatisipéṣọ̀n wá sọ fún mi ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà níbẹ̀.