Òṣùpá máa wọ òjìji ayé ní ìdájí 28 Oṣù Kẹjọ 2026: aago tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó yẹ kéèyàn kọjú sí

Òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ẹtì ni. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í: wọ́n á rí "28 Oṣù Kẹjọ" kà, wọ́n á wá dúró de alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òṣùpá á sì yọ sí wọn roboto láìsí àbàwọ́n kankan, nítorí ọ̀rọ̀ ti parí láàárọ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni kẹ́ ẹ fi áláàmù sí.

Ní Nàìjíríà àti ní Benin, aago 3:34 ni òjìji ayé máa kọ́kọ́ fẹnu kan òṣùpá. Aago 5:13 ló máa gbé e mì jù. Ká ní a pín fífẹ̀ òṣùpá sí ọ̀nà 100, bíi 93 ló máa wà nínú òkùnkùn. Aago 6:52 ni òjìji máa fi í sílẹ̀. Ní Togo, ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú gbogbo rẹ̀: 2:34, 4:13, 5:52. Àwọn kàlẹ́ńdà kan máa kọ ọ́ pé aago 2:24 ló bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọn ò parọ́, àmọ́ òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí òjìji gidi ká ni wọ́n ń sọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣì ń dé ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú lásán ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan títí á fi kọjá aago mẹ́ta. Ẹ má torí ẹ̀ pàdánù oorun.

Ìwọ̀ oòrùn ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Ní aago 3:34, òṣùpá ṣì máa wà láàárín òkè orí àti ilẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di 5:13, tí àwọn tó ń lọ kírun àsùbáà ń jáde nílé, ó ti sọ̀kalẹ̀ gan-an. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ na apá yín tán, kẹ́ ẹ di ìkúùkù, kẹ́ ẹ pa ojú kan dé. Ìkúùkù kan gba nǹkan bí 10° lójú ọ̀run. Ní Èkó, òṣùpá máa ga tó ìkúùkù méjì ó lé díẹ̀ sílẹ̀ ní aago 5:13. Ilé alájà mẹ́ta tó wà ní òdìkejì títì tó láti bò ó pátá, igi máńgòrò inú ọgbà náà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ ti wá ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ wo ibi tí oòrùn ti wọ̀, kẹ́ ẹ wọn ìkúùkù méjì sí apá òsì rẹ̀. Agbègbè ibẹ̀ ni òṣùpá máa wọ̀ sí láàárọ̀. Tí nǹkan kan bá dí ibẹ̀, ẹ wá ibòmíì.

Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, òkè òṣùpá lápá òsì ló máa kọ́kọ́ dúdú, bí ìgbà tí wọ́n bu àkàrà jẹ. Ẹ wo etí ibi tó dúdú yẹn dáadáa: ó tẹ̀ kọrọdọ, kì í ṣe gbọọrọ. Òjìji ayé nìyẹn, torí pé ayé rí roboto. Bí aago ṣe ń lọ, òkùnkùn náà á máa tàn kálẹ̀ títí á fi ku etí tín-ín-rín kan tó mọ́lẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Lẹ́yìn 5:13, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà láti òkè wá. Àmọ́ ẹni tó wà ní Èkó tàbí Cotonou ò lè fojú kedere rí ìparí ẹ̀, nítorí kó tó di 6:52, oòrùn ti yọ lẹ́yìn yín, òṣùpá sì ti ń wọ̀ tàbí ti wọ̀ tán. Láàárín 4:30 sí 5:45 ni adùn rẹ̀ wà.

Kí ló dé tí kì í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, nígbà tó jẹ́ pé oṣooṣù la ń rí òṣùpá àrànmọ́jú? Ẹ mú ọsàn kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, ẹ pè é ní ayé. Òṣùpá á jẹ́ ẹyìn kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ẹ gbé e sí ibi tó jìnnà sí ọsàn ní mítà 2 ó lé díẹ̀. Nígbà tí òjìji ọsàn bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹyìn, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ mọ́. Ọ̀nà tí òṣùpá ń tọ̀ sì dagun ní nǹkan bí 5°, débi pé ẹyìn yẹn lè gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ òjìji kọjá, kó sì fi sẹ̀ǹtímítà 18 jìnnà sí àárín rẹ̀. Oṣù tó pọ̀ jù ló ń tàsé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bá a, àmọ́ apá àríwá ló gbà, ìdí nìyẹn tí etí àríwá rẹ̀ ò fi ní wọlé tán. Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ ṣáájú, ní 12 Oṣù Kẹjọ, òṣùpá kan náà ló máa bo oòrùn, tí ọ̀sán á dòru ní àwọn apá kan ní Sípéènì àti Iceland. Àwọn méjèèjì sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà o. Ti oòrùn, ibi tín-ín-rín kan láyé ló ń rí i bó ṣe yẹ. Ti òṣùpá, gbogbo ẹni tí òṣùpá wà lókè fún ló ń rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Aago ara ògiri nìkan ló yàtọ̀. Aago London bá ti Èkó mu lásìkò yẹn, àmọ́ lọ́hùn-ún òṣùpá ò ní ga tó ìkúùkù kan sílẹ̀ ní 5:13, nítorí náà orí òkè tàbí pápá gbalasa ló dáa. Amẹ́ríkà ló ṣojú rere sí jù. Ní New York, 10:34 alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, tó máa dé góńgó ní 12:13 òru. Bẹ́ẹ̀ náà ni Havana. Ní Houston, 9:34 alẹ́ àti 11:13. Ní Salvador ní Brazil, 11:34 alẹ́ àti 1:13 òru, òṣùpá á sì ga gan-an lókè.

Ohun tó lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni àwọsánmà dúdú, pàápàá létí òkun lásìkò yẹn. Ẹ má yára wọlé lọ sùn. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ dín ìṣẹ́jú 12 ni òjìji máa fi wà lára òṣùpá, àwọsánmà sì lè là fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ ò nílò awò dúdú kankan, kò léwu fún ojú. Bínókúlà lásán á jẹ́ kẹ́ ẹ tètè rí àwọ̀ ibi tó dúdú, tó máa ń pọ́n bí epo tó ti pẹ́. Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọnú òjìji, tó ń fọ́n búlúù inú rẹ̀ dànù, tó wá ku pupa, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe sí oòrùn tó ń wọ̀.

Fún fóònù, ẹ gbé e ti nǹkan tí kò mì, kẹ́ ẹ lo tímà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ìka yín má bàa jì í. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fúnra ẹ̀, òkùnkùn ojú ọ̀run á tàn án jẹ, á sì yàwòrán òṣùpá bíi gílóòbù tí wọ́n tàn. Ẹ tẹ òṣùpá lójú fóònù, kẹ́ ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí etí ẹ̀ á fi mú. Ní 5:13 ẹ̀wẹ̀, tó bá jẹ́ pupa inú òjìji lẹ fẹ́, ẹ tún fa ìmọ́lẹ̀ náà sókè, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí etí tó mọ́lẹ̀ yẹn funfun báláú. Fóònù ò sábà lè mú méjèèjì nínú fọ́tò kan.