Ojú ewé kì í ṣe ẹnubodè: bí àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù ṣe ń tọ́ka sí ohun gidi àti sí ìwé tó ń ṣàlàyé rẹ̀

Ká ní ẹnì kan kọ détà kékeré nípa Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló lò, http://example.org/akaba-idena, ó sì sọ nǹkan mẹ́ta nípa rẹ̀: ó ti wà kí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì tó fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, kìlóbáìtì 42 ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé ti ẹnubodè ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ti ojú ewé sì ni ìkẹta. Ti àárín ńkọ́? Ṣé bíríkìlà ló tún ẹnubodè ṣe ni, àbí akọ̀wé ló tún ọ̀rọ̀ orí ojú ewé kọ? Kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ ní béèrè. Ohun tó rí ni pé nǹkan kan wà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tó sì jẹ́ kìlóbáìtì 42, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

URI ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pe àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀: ìlà lẹ́tà kan tí a fi ń dá ohun kan mọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ohun yòókù. Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé èrò wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀ ní ilé ìwádìí CERN ní 1989, ìwé ni ó fẹ́ so pọ̀. Ẹ béèrè àdírẹ́sì, ìwé jáde, ọ̀rọ̀ parí. Ìṣòro dé nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ fi àdírẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa ìlú, odò, ọba, igi, òrìṣà, àwọn ohun tí kò lè gba inú wáyà kọjá. Ìwé ìbí tí ilé méèrì Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fún ọmọ kì í ṣe ọmọ náà: ìwé lè ya kí wọ́n tún òmíràn tẹ̀, ọmọ ò ní gbọgbẹ́, ọmọ lè dàgbà, kó lọ fẹ́yàwó ní Kútọnu, ìwé á ṣì wà bó ṣe wà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ẹni tó fọwọ́ sí i kì í sì í ṣe bàbá ọmọ. Ohun méjì ni wọ́n, nítorí náà àdírẹ́sì méjì ló yẹ wọ́n.

Ó gba àríyànjiyàn gígùn kí ìyẹn tó di òfin. Ní 2002 ni wọ́n gbé ìbéèrè náà síwájú ìgbìmọ̀ onímọ̀ tó ń bójú tó ètò wẹ́ẹ̀bù ní W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní httpRange-14, orúkọ tí kò fa ẹnikẹ́ni mọ́ra. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005 ni ìgbìmọ̀ dájọ́, nọ́ńbà tí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ewé ránṣẹ́) fi ń dáhùn ni wọ́n sì gbé ìdájọ́ náà lé. Bí ẹ bá béèrè àdírẹ́sì kan tí sáfà sì dáhùn ní 200, tàbí nọ́ńbà mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, ohun tí àdírẹ́sì yẹn ń jẹ́ jẹ́ ìsọfúnni, ohun tí a lè kó gbogbo kókó rẹ̀ sínú iṣẹ́ tí a ń rán. Bó bá dáhùn ní 303, tó sì fún yín ní àdírẹ́sì mìíràn, ohun tí ẹ béèrè lè jẹ́ ohunkóhun: ìwé, ènìyàn, ẹnubodè. Bó bá jẹ́ 404 tàbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a ò mọ nǹkan kan nípa ohun náà. Nítorí náà, àdírẹ́sì Àkàbà Ìdènà kò gbọ́dọ̀ dáhùn ní 200 láé, nítorí ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹnubodè amọ̀ ni sáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà láti pa òfin yìí mọ́.

Àkọ́kọ́ ni àmì #. Ẹ fi ìwé yín sí http://example.org/akaba-idena, kí ẹ wá máa pe ẹnubodè fúnra rẹ̀ ní http://example.org/akaba-idena#it. Ohun tó mú kó ṣiṣẹ́ ni pé aṣàwákiri (ètò tí a fi ń ṣí ojú ewé) kì í fi ohun tó wà láti ibi # dé ìparí ránṣẹ́ sí sáfà. Ó máa ń gé e kúrò kó tó béèrè. Ìwé nìkan ni sáfà gbọ́, ìwé nìkan ló sì fi ránṣẹ́, 200 rẹ̀ sì tọ́. Àdírẹ́sì tó ní # ò tíì fìgbà kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí irọ́ tó lè pa nípa rẹ̀. Berners-Lee fúnra rẹ̀ ń lo ọ̀nà yìí: https://www.w3.org/People/Berners-Lee/card ni ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èyí tó ní #i níparí ni òun alára. Ẹ kàn ṣọ́ra kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé # má lọ jẹ́ id, ìyẹn orúkọ abala kan, nínú HTML, kóòdù tí a fi kọ ojú ewé náà. Bí ẹ bá kọ id="it" sí àkọlé kan, abala ojú ewé ni #it yín ń tọ́ka sí, ẹ sì ti padà sínú àdàlù tí ẹ ń sá fún.

Ìkejì ni 303. Ẹ ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ lórí sáfà: /id/ fún ohun gidi, /doc/ fún ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè http://example.org/id/akaba-idena, sáfà á dá a lóhùn pé òun ò lè fi ohun yẹn ránṣẹ́, àmọ́ ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ wà ní /doc/akaba-idena. Lórí Apache, ètò kan tó ń mú sáfà ṣiṣẹ́, ìlà méjì nínú fáìlì ìtọ́ni rẹ̀, .htaccess, ti tó:

RewriteEngine On
RewriteRule ^id/(.+)$ /doc/$1 [R=303,L]

Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà yẹn. Bí ẹ bá kọ R lásán, 302 ni Apache máa fi ránṣẹ́. PHP, èdè kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, náà rí bẹ́ẹ̀: header("Location: ...") nìkan, 302 ni, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní header("Location:...", true, 303). Èyí tó burú jù ni 301, nítorí ohun tó ń sọ ni pé àdírẹ́sì yìí ti kó lọ pátápátá, ọ̀hún ni kí ẹ máa lò láti òní lọ. Aṣàwákiri á tọ́jú ìdáhùn yẹn sínú, ẹ̀rọ tó ń kó détà jọ á sì pa àdírẹ́sì ẹnubodè rẹ́, á fi ti ìwé rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ tí ẹ ṣe ti wọmi nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ̀, torí lójú ẹni tó ń wo ojú ewé, 301, 302 àti 303 kò yàtọ̀ síra.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣí tẹ́mínà, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ:

curl -I http://example.org/id/akaba-idena

Ẹ fi àdírẹ́sì tiyín rọ́pò rẹ̀, example.org kàn jẹ́ orúkọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní 303 nínú, kí ìlà Location sì wà nísàlẹ̀ tó tọ́ka sí /doc/. Bí ìwé yín bá ní ẹ̀dà méjì, HTML fún ènìyàn àti Turtle (ọ̀nà kan tí a fi ń kọ détà) fún ẹ̀rọ, ẹ fi -H "Accept: text/turtle" kún un kí ẹ rí bóyá ẹ̀dà tó tọ́ ni wọ́n ń darí yín sí. Níbẹ̀, sáfà gbọ́dọ̀ máa fi Vary: Accept kún ìdáhùn rẹ̀. Láìsí i, ibi ìpamọ́ tó wà láàárín ọ̀nà lè gbé Turtle tí ẹ̀rọ kan béèrè lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó ń fi fóònù rẹ̀ wá àwòrán ẹnubodè.

Èwo nínú méjèèjì ni kí ẹ mú? Fún iṣẹ́ kékeré, àmì # ni mo fara mọ́. Kò béèrè ètò kankan lórí sáfà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ibi ìgbàlejò ọ̀fẹ́ bíi GitHub Pages, níbi tí ẹ kò ti lè pàṣẹ 303, kò sì fi ìrìn kún ìrìn. 303 máa ń sọ ìbéèrè kan di méjì, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ṣábẹ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá tó ń lọ. Ó tún ní àléébù kan tí ó dùn mí ju ti ìyára lọ: lẹ́yìn 303, àdírẹ́sì ìwé ló máa hàn lókè aṣàwákiri, òun náà sì ni gbogbo ènìyàn máa dà kọ. Àmọ́ bí ohun tí ẹ ń kọ bá pọ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan tí ẹ sì fi # pín in, ẹni tó ń wá ẹyọ kan á ní láti kó gbogbo fáìlì náà wálé. Kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, kí ó sì ní #it tirẹ̀, ìyẹn yanjú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní àdírẹ́sì méjì, ẹ pín ọ̀rọ̀ fún wọn. Ọjọ́ àtúnkọ, ẹni tó kọ ọ́, àṣẹ ìlò àti ìwọ̀n fáìlì, ti ìwé ni. Nínú détà, orúkọ àjùmọ̀lò tó bá mẹ́ta àkọ́kọ́ mu ni dcterms:modified, dcterms:creator àti dcterms:license. Ibi tó wà, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ọdún àti ìtàn rẹ̀, ti ẹnubodè ni. Èyí tó ń so ìwé mọ́ ohun tó ń ṣàlàyé ni foaf:primaryTopic.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni síso détà tiwọn mọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Benin lórí Wikidata, àkójọ détà ọ̀fẹ́ lórí wẹ́ẹ̀bù. Orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ni http://www.wikidata.org/entity/Q962. Ojú ewé tí ẹ̀ ń rí ni https://www.wikidata.org/wiki/Q962. Détà tí ẹ̀rọ ń kà wà ní https://www.wikidata.org/wiki/Special:EntityData/Q962.ttl. Mẹ́ta ni, ìkejì sì ni ojú máa ń rí, òun ni ọwọ́ máa ń dà kọ. Ẹni tó bá fi owl:sameAs, tó túmọ̀ sí pé ohun kan náà ni méjèèjì, so Benin tirẹ̀ mọ́ ìkejì ti sọ pé orílẹ̀-èdè òun jẹ́ ojú ewé, ẹ̀rọ tó bá gbà á gbọ́ á sì kó gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ojú ewé náà lé orílẹ̀-èdè lórí. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé http ló wà níwájú ti àkọ́kọ́, kì í ṣe https. Lẹ́tà pẹ̀lú lẹ́tà ni ẹ̀rọ fi ń fi URI wéra nínú détà. S kan ṣoṣo tó lé sọ wọ́n di ohun méjì tí kò mọra. Schema.org, àkójọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí a fi ń kọ détà, náà ní sameAs tirẹ̀, àmọ́ tiyẹn rọ̀ jù: ojú ewé tó fi ohun náà hàn kedere ni wọ́n ní kí ẹ fi síbẹ̀. Orúkọ kan, òfin méjì. Ẹ wo èyí tí ẹ̀ ń lò kí ẹ tó dà á kọ.

Àmì ohùn wa náà ń dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ Àjàṣẹ́ sínú àdírẹ́sì. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, kò sí kóòdù kan ṣoṣo tó gbé e ní odindi; ó di dandan kó jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí pátákó ìtẹ̀wé kan bá kọ ẹ tán kó tó fi ohùn òkè sí i, %E1%BA%B9%CC%81 ni yóò dà nínú àdírẹ́sì. Bí òmíràn bá kọ é kó tó fi àmì sísàlẹ̀, %C3%A9%CC%A3 ni. Ojú ò lè dá wọn mọ̀, ẹ̀rọ sì gbà wọ́n ní ohun méjì. Bí ẹ bá wá bọ́ gbogbo àmì sílẹ̀ tí ẹ kọ ajase, ti Àjàṣẹ́-Ìpo ní Nàìjíríà náà nìyẹn. Nọ́ńbà lásán ló dára jù nínú àdírẹ́sì, bí Wikidata ṣe ṣe. Kí orúkọ wà nínú détà, pẹ̀lú kóòdù èdè tó ni í (yo ni Yorùbá, guw ni Gun, fr ni Faransé): "Àjàṣẹ́"@yo, "Hogbonu"@guw, "Porto-Novo"@fr. Orúkọ mẹ́ta, ìlú kan, àdírẹ́sì kan.

Ìyapa ìwé àti ohun gidi kọ́ ni ìyapa kan ṣoṣo tó wà, òun kàn ni ti wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kọ Kétu, ṣé ìlú inú odi ni, àbí gbogbo kọ́múùnù tí ìjọba Benin fi orúkọ náà pè, àbí ìjọba àtijọ́ tí ààlà Nàìjíríà là sí méjì? Ìbéèrè kan náà ló wà fún Ṣábẹ: ìlú, kọ́múùnù, ìjọba, àti àwọn òkè tó yí i ká. Olúkúlùkù ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ àti iye ènìyàn tirẹ̀, àwọn òkè ò sì ní ènìyàn rárá. Alákétu tún le jù. Oyè ni, ọba tó wà lórí ìtẹ́ sì ni ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fi àdírẹ́sì kan ṣe méjèèjì á rí ọba kan tó wàjà tó sì tún ń jọba. Oyè ní àdírẹ́sì kan, ọba kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ọjọ́ tó gorí ìtẹ́ àti ọjọ́ tó wàjà ló so wọ́n pọ̀. Fọ́tò rẹ̀ tí ẹ gbé sórí sáfà ní tirẹ̀ pẹ̀lú, 200 ló sì yẹ kí ti fọ́tò máa dáhùn.

Ohun tó kù ni orúkọ ìkànnì tí ẹ máa gbé gbogbo èyí lé. Ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó .bj tàbí .org, ọdún tí ẹ kò bá san, àdírẹ́sì ẹnubodè yín lè di ti ẹni tó ń ta bàtà. Bí owó ò bá dájú, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní w3id.org, tí kò gba owó: ibẹ̀ ni àdírẹ́sì tí ẹ fún aráyé á wà títí, ẹ̀yin á sì máa yí ibi tó ń darí wọn sí padà nígbàkúùgbà tí ẹ bá kó sáfà. .htaccess kan náà ni wọ́n ń lò, nítorí náà ẹ kọ R=303 síbẹ̀ pẹ̀lú.