Living shoreline: nígbà tí gbòǹgbò bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ kọnkéré

Bí omi bá ń jẹ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ẹni, ògiri ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn: ká da kọnkéré sí i, kó parí síbẹ̀. Ẹ wo ìlú Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Amẹ́ríkà, tí adágún Mendota àti Monona há àárín ìlú mọ́. Ògiri àti òkúta pọ̀ létí omi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì tó bá forí sọ ògiri kì í kú síbẹ̀. Ṣe ló máa ń ta padà, á máa wa ẹsẹ̀ ògiri náà nísàlẹ̀, agbára tó bá kù á sì yà sọ́dọ̀ aládùúgbò tí kò mọ ògiri kankan.

Living shoreline ni kéèyàn fi ohun tó lẹ́mìí dí etí omi: koríko omi, igi wẹ́wẹ́, òkúta díẹ̀ níbi tó bá yẹ. Ìgbì tó wọ àárín koríko gíga kò rí ibi forí sọ. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà á máa gba agbára lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì já yanrìn tó gbé dání sílẹ̀. Nísàlẹ̀, gbòǹgbò di ilẹ̀ mú. Koríko tí wọ́n ń gẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé kì í sábà fi gbòǹgbò wọlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Big bluestem, koríko ìbílẹ̀ agbègbè yẹn, lè wọlẹ̀ ju mítà 2 lọ. Kí gbòǹgbò tó múlẹ̀, wọ́n máa ń di okùn ara èèpo àgbọn gbọọrọ bí ìrọ̀rí, wọ́n á fi èèkàn kàn án mọ́ etí omi. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan á jẹrà, koríko á sì ti gbapò rẹ̀.

Ní Wisconsin, wọ́n tún máa ń gbé odidi igi tòun ti ẹ̀ka rẹ̀ sínú omi, wọ́n á so ó mọ́ ilẹ̀. Fish sticks ni wọ́n ń pè é. Lójú ẹni tó ń kọjá, pàǹtí ni. Lójú ẹja, ilé ni.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́ o. Etí Lake Michigan, adágún tó fẹ̀ bí òkun, tí ìgbì ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tó sì ń wó gegele ilẹ̀ lulẹ̀, koríko nìkan kò lè gbà á sílẹ̀.

Èyí tí mo rí pé àwọn èèyàn kì í kà sí ni ẹ̀yìn. Gbogbo wa kọjú sí ìgbì, àgbàrá sì ń gba ẹ̀yìn wọlé. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀: òjò mìlímítà 25 lórí òrùlé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 10, tí òró rẹ̀ náà jẹ́ mítà 10, jẹ́ lítà 2,500. Ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 nìyẹn, láti orí ilé kan ṣoṣo, tó ń da gììrì lọ sí bèbè omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọgbà òjò: kòtò tí kò jìn, tí wọ́n gbin ewéko sí, tí omi òrùlé á dúró sí títí ilẹ̀ á fi mu ún. Ẹ̀fọn ńkọ́? Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dáadáa, omi rẹ̀ á ti gbẹ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, bẹ́ẹ̀ ẹyin ẹ̀fọn nílò bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó di ẹ̀fọn.

Àgbàrá tún ń gbé ẹrù. Ní ìgbà ìwọ́wé, ewé á kún ojú títì ní Madison, òjò á rọ̀ sí i, á sì rẹ ewé náà bí ìgbà tí a rẹ àgbo. Omi àgbo yìí, tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tó ń mú ewéko dàgbà, kún inú rẹ̀, á gba gọ́tà lọ tààrà sínú adágún, á bọ́ òbèdò tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé, tó sì ń rùn. USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, ṣèwádìí rẹ̀ ní ìlú yìí, wọ́n sì gbé èsì jáde ní ọdún 2016. Ládùúgbò tí wọ́n ti ń gbá ewé kúrò lójú títì kí òjò tó dé, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú àgbàrá ìgbà ìwọ́wé fi ìdá 84 nínú 100 dín kù.