Ìdí Tí Ara Kì Í Fi Í Fọn Mọ́ Bí Eré Ìdárayá Ò Tiẹ̀ Dáwọ́ Dúró

Kí oòrùn tó yọ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn èèyàn á ti máa sáré lójú títì tó gba ẹnu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọ inú ọgbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń tètè rí èrè rẹ̀: ṣòkòtò á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nídìí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òṣùwọ̀n á dúró gbọin. Ẹsẹ̀ ò kúrò ní títì, abọ́ oúnjẹ ò kún sí i, kílò ò sọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́, wọ́n á ní àbùdá ìdílé àwọn nìyẹn. Ó dunni, torí ara ò kọṣẹ́ rárá. Ìṣirò ló yí padà.

Omi wà lára àwọn kílò tó kọ́kọ́ lọ. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù 1 rẹ̀ sì ń di omi tó tó gíráàmù 3 mọ́ra. Bí òkèlè bá dín kù, ṣúgà yìí á tán, omi rẹ̀ á bá ìtọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí tíì tó ń múni yàgbẹ́ fi ń jọni lójú: omi ló ń yọ, ọ̀rá ò kúrò níbì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rá fúnra rẹ̀. Eré sísá ń ná ara ní nǹkan bíi kálórì 1 (kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) lórí kílò kọ̀ọ̀kan fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 90, tó sáré kìlómítà 5, á jó bíi kálórì 450. Bó bá fọn dé kílò 78, eré kan náà lójú ọ̀nà kan náà ò jó ju bíi 390 lọ. Ara tó kéré ò sì ń ná agbára tó ara tó tóbi, kódà lójú oorun. Oúnjẹ tó ń mú un fọn tẹ́lẹ̀ lè wá di èyí tó ń mú un dúró lójú kan.

Ara tún ń ṣọ́wọ́ ná. Ní 1995, oníwádìí Rudolph Leibel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí èèyàn bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, agbára tí ara rẹ̀ ń ná lójúmọ́ á dín kù ju èyí tí fífọn nìkan lè fà lọ. Leptin, kẹ́míkà tí ọ̀rá ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀rá bá dín kù, leptin á dín kù. Ọpọlọ á rò pé ìyàn mú, á máa dín ìnáwó kù bí onílé tí owó oṣù rẹ̀ já ṣe ń pa gílóòbù. Ebi á sì le sí i.

Ìdínkù náà máa ń wọ inú ohun tí ẹnikẹ́ni ò kà sí eré ìdárayá. Ẹni tó sáré láàárọ̀ á wọ kẹ̀kẹ́ láti Mayfair dé Lagere lọ́sàn-án, ọ̀nà tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, á jókòó, á rán ọmọdé lọ mú ọjà. Ìwádìí Herman Pontzer tó jáde ní 2012 lórí àwọn Hadza, ọdẹ ilẹ̀ Tanzania, fi hàn pé pẹ̀lú gbogbo ìrìn wọn nínú igbó, agbára tí wọ́n ń ná lójúmọ́ ò ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ, tí a bá ro ti bí ara wọn ṣe tóbi tó mọ́ ọn. Eré tó ń pọ̀ sí i nìkan ò lè tú okùn yìí.

Inú ìkòkò ni ká kọ́kọ́ wò. Ṣíbí ńlá kan epo pupa tó nǹkan bíi kálórì 120, òróró náà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìlọ́po méjì ohun tí eré àárọ̀ yẹn fi dín kù láti 450 sí 390. Ẹni tó ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì tààrà sórí ẹ̀fọ́ ò lè mọ iye tó dà. Kó kọ́kọ́ bù ú sí ṣíbí. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, a ò ní kí ẹnikẹ́ni pa iyán tì, àmọ́ kí iyán kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀. Ẹlẹ́rìndòdò ìgò 50cl lè ní tó kálórì 200, ikùn ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan wọlé.

Púrótéènì inú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ń múni yó pẹ́, ara sì ń ná bíi ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ láti dà á. Òun náà ni iṣan nílò, torí ẹni tó ń sáré nìkan tó tún ń febi para ẹ̀ ń pàdánù iṣan mọ́ ọ̀rá. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 10 wúwo kílò 10: kéèyàn gbé e mọ́yà, kó máa lóṣòó kó máa dìde, bíi ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kó sì sùn dáadáa. Àìsùn ń fa ebi.

Iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ máa ń fa omi mọ́ra, iyọ̀ àti nǹkan oṣù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n lè tipa bẹ́ẹ̀ dúró nígbà tí ọ̀rá ń lọ. Téèpù aránṣọ tí a fi yí ikùn ká máa fi í hàn.

Bí gbogbo èyí ò bá yí nǹkan padà, ó yẹ kí dókítà yẹ tírọ́ìdì wò, ìyẹn ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń ná agbára, ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ni. Insulin tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lò, sìtẹ́rọ́ìdì tó ń dín ara wíwú kù àti àwọn oògùn àìsàn ọpọlọ kan máa ń múni sanra. Dókítà tó kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.