Bí aláwàdà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbégbá ìbò

Oṣù keje ọdún 2024, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti máa ń gẹrun ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí, ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ bá na fóònù ẹ̀ sí mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan yìí, ṣé kì í ṣe AI lèyí?" Fídíò ìbò Ìlú Ọba ni. Rishi Sunak tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà yẹn ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé nǹkan bíi dọ́sìbíìnì fàdákà borí, ọmọkùnrin kan sì dúró lẹ́yìn Sunak gan-an, ó gbé pépà sókè, lẹ́tà L gàdàgbà ló wà lára ẹ̀. L yẹn, lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ó ń sọ pé o ti fìdí rẹmi.

Kì í ṣe AI o. Olùdíje ni àwọn méjèèjì, orúkọ wọn wà lórí pépà ìbò kan náà pẹ̀lú ti Sunak. Ẹni tó gbé dọ́sìbíìnì borí ń jẹ́ Count Binface, ìbò 308 ló ní. Ẹni tó gbé pépà ni Niko Omilana, aláwàdà orí YouTube, ìbò 160. Omilana! Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, orúkọ tiwa ni, orúkọ olómi, irú ẹ̀ ò wọ́n nílùú Ọ̀ṣun. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá ẹ̀. Ó ti du ipò méyọ̀ London rí ní 2021, àwọn tó dìbò fún un lé ní 49,000, ipò karùn-ún ló mú nínú ogún olùdíje. Inú mi dùn gan-an bí mo ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, ni ọ̀gá tó ń gẹrun fún mi bá dá clipper dúró, ó ní "Ta ló gba irú wọn láàyè níbi tí nǹkan pàtàkì wà?"

Owó ló gbà wọ́n láàyè. Ní 1918 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ du ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ fi £150 sílẹ̀, tí ìbò ẹ̀ ò bá tó ìdá kan nínú mẹ́jọ, owó wọgbó nìyẹn. Torí àwọn tó fẹ́ fi ìbò ṣeré ni wọ́n ṣe ṣe é, owó ńlá sì ni nígbà yẹn, ta ni ó fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n wọn ò fi kọ́bọ̀ kan lé e títí di 1985. Nǹkan ọjà ń wọ́n sí i lọ́dọọdún, owó oṣù ń gòkè, £150 dúró sójú kan, ìgbà tó fi máa di nǹkan bíi 1960 sí òkè, olórin lásán ti lè san án.

Olórin ló sì san án. David Sutch lorúkọ ẹ̀, Screaming Lord Sutch ló ń pe ara ẹ̀, kò joyè kankan o, òun ló fi Lord sí i fúnra ẹ̀. Inú pósí ló ti máa ń jáde sórí ìtàgé, á dé fìlà gogoro, á wọ awọ ẹkùn. Ní 1963, mínísítà ọ̀rọ̀ ogun wọn, John Profumo, purọ́ fún ilé aṣòfin lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, wọ́n wá fẹ́ dìbò rọ́pò ẹ̀ ní Stratford. Sutch, ọmọ ọdún 22, gba fọ́ọ̀mù lórúkọ ẹgbẹ́ kan tó pè ní National Teenage Party. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí ọmọ ọdún 18 máa dìbò, torí ọdún 21 ni nígbà yẹn. Ìbò 208 ló ní, gbogbo ayé fi rẹ́rìn-ín. Ní 1969 wọ́n ṣòfin pé ọmọ ọdún 18 lè dìbò. Mi ò ní òun nìkan ló gbà á fún wọn, ṣùgbọ́n òun ti ń pariwo ẹ̀ níta gbangba ní ọdún mẹ́fà ṣáájú.

Ní 1983 ó dá Official Monster Raving Loony Party sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn wèrè ponbele ni kéèyàn kúkú pè é. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ìjọba sún owó náà dé £500, ṣùgbọ́n wọ́n já ìbò tó máa gba owó padà sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn wèrè ò sì lọ. Ní oṣù karùn-ún 1990, ní Bootle, Sutch ní ìbò 418, ẹgbẹ́ SDP tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí David Owen, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tẹ́lẹ̀, jẹ́ olórí ẹ̀ ní 155. Kò ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ, SDP tú ká. Ẹ wo agbára àwàdà! Àwọn àgbà òṣèlú jókòó, wọ́n wo iye tí aláwàdà fi jù wọ́n lọ, wọ́n palẹ̀ mọ́. Sutch kú ní 1999, ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣì wà.

Níbòmíì ẹranko ni wọ́n gbé kalẹ̀. Ní São Paulo ní Brazil, 1959, ọ̀rọ̀ ìjọba ìlú sú àwọn èèyàn débi pé wọ́n dìbò fún àgbáńréré kan tó ń jẹ́ Cacareco, ìbò ẹ̀ tó nǹkan bíi 100,000. Ìyẹn ni dókítà kan ní Kánádà, Jacques Ferron, rí tó fi dá ẹgbẹ́ Àgbáńréré sílẹ̀ ní 1963, ìlérí wọn ni pé àwọn ò ní mú ìlérí kankan ṣẹ. Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ìgbà tí òfin wá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ó kéré tán olùdíje 50 jáde, kí wọ́n sì fi $1,000 sílẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní 1993, wọn ò díje mọ́. Owó náà tún ni. Wọ́n padà wá nígbà tó yá ṣá.

Àwa náà kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwàdà bá aláṣẹ wí. Lọ́jọ́ Òkè'Bàdàn, èèyàn á kọrin bú ìjòyè lójú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú un. Nínú ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílẹ̀ Kétu, eléfẹ̀ á dárúkọ ẹni tó jalè láàárín òru, gbogbo ìlú á gbọ́. Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ ni pé eléfẹ̀ ò lè bá ẹni tó ń bú dúró lórí pépà ìbò. Òfin 1999 ò gba kéèyàn dá dúró, ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbé e sílẹ̀. Ní ìbò gómìnà Ọ̀ṣun 2018, ẹgbẹ́ 48 ló wà lórí pépà, pépà gùn bí aṣọ ìnura, àwa tó dìbò l'Óṣogbo ò gbàgbé ẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú gbogbo wọn tó lè dá wá láìsí ẹgbẹ́. Fọ́ọ̀mù ààrẹ lẹ́gbẹ́ APC fún ìbò 2023, mílíọ̀nù 100 náírà ni. Fún ilé aṣojú-ṣòfin, mílíọ̀nù 10.

Torí náà ló fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà jù nínú àwọn tó du ààrẹ nílẹ̀ yìí kì í tiẹ̀ ṣe aláwàdà. Lọ́yà Tunji Braithwaite ni, 1983, ẹgbẹ́ NAP (Nigeria Advance Party). Ó ní òun máa pa ẹ̀fọn, eku àti aáyán run ní Nàìjíríà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Bẹ́ẹ̀ ibà ń pa ọmọ wa, ọkùnrin náà sì mọ ohun tó ń sọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ọmọ tó fi fídíò hàn mí ṣírò £500 sí náírà lórí fóònù, ó ní bíi mílíọ̀nù kan ni, pé tí tiwa bá mọ bẹ́ẹ̀, òun máa dá a jọ díẹ̀díẹ̀, òun á gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí ló máa ṣèlérí. Ó ní omi ẹ̀rọ, pé kó máa yọ ní gbogbo ojúlé l'Óṣogbo. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá ẹ̀ ń gbá àga. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ tó wà níwájú ilé àwọn, wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí òun, aṣọ ni ìyá òun máa ń sá sórí ẹ̀.