Bí Ọ̀yọ́ Ilé Ṣe Di Igbó Tí Èèyàn Kò Gbé

Láti Ìgbẹ́tì wọ igbó Ọ̀yọ́ Ilé, èèyàn lè rìn títí kó má rí òrùlé kan. Ilẹ̀ náà kò ṣá. Igi oṣè ńláńlá, yàrà àti odi tó ti wó, ojú ọlọ tí wọ́n ti lọ̀ mọ́ orí àpáta ṣì wà níbẹ̀. Olú ìlú ìjọba Ọ̀yọ́ ni nígbà kan.

Ogun ló kọ́kọ́ tú u. Láti nǹkan bí 1817 tí Àfọ̀njá ti Ìlọrin ti kẹ̀yìn sí Aláàfin ni ìlú ti ń fọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀dàn gbalasa ni agbègbè yẹn: ẹlẹ́ṣin ń sáré bó ṣe wù ú, ẹlẹ́sẹ̀ kò ríbi sá pamọ́ sí. Nígbà tí Aláàfin Olúewu kú sógun ní nǹkan bí 1835, àwọn tó kù palẹ̀ mọ́. Etí igbó ní gúúsù ni wọ́n forí lé, níbi tí irù, eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ tó sì ń kó àrùn ran ẹran, kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Ìbàdàn, Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́ kún fọ́fọ́. Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun.

Ogun parí ní 1893. Kí ló dé tí wọn kò padà?

Irù ti gba ilé. Abo rẹ̀ kì í yé ẹyin. Ìdin kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, ní bí ọjọ́ 10, ìdin náà a sì rì sínú erùpẹ̀ lábẹ́ òjìji. Bí wọ́n bá ń ṣán etídò déédéé, ìran rẹ̀ kò ní pẹ́ run. Ṣùgbọ́n bí oko bá di igbó, egbin àti ẹfọ̀n á dé, irù á sì rẹ́jẹ̀ mu. Màlúù tó bá wọbẹ̀ á máa rù títí tí yóò fi kú. Agbo ilé méjì tó padà wá kò lè ṣán ohun tí odindi ìlú ń ṣán tẹ́lẹ̀.

Lẹ́bàá odò Ògùn, kòkòrò dúdú kékeré kan tún wà tó ń yé sínú omi tó ń sáré lórí òkúta. Òun ló ń gbé aràn ìnárun, aràn tó lè lo bí ọdún 15 lára èèyàn, tó ń fọ́ni lójú. Abúlé kékeré ló sì ń jìyà rẹ̀ jù: jíjẹ tí ì bá pín sára 1,000 èèyàn, 20 ló ń gbà á.

Òfin ló wá ti ilẹ̀kùn. Ìjọba sọ Òkè Ògùn tó wà nínú igbó yìí di igbó ọba ní 1936, Ọ̀yọ́ Ilé ní 1941. Àwọn méjèèjì di ibi ìpamọ́ ẹranko ní 1952, wọ́n sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Dídáko tàbí kíkọ́lé síbẹ̀ di èèwọ̀. Abẹ́rẹ́ ti ń dáàbò bo màlúù lọ́wọ́ àrùn irù báyìí, nítorí náà àwọn darandaran máa ń yọ́ kó ẹran wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ló ń lé wọn jáde.