Ṣé oṣù ẹ́ńbà ló ń ba ọkọ̀ jẹ́?

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Kérésìmesì pé, ṣọ́ọ̀bù wa lójú ọ̀nà Oǹdó ní Ilé-Ifẹ̀ ti kún dé etí títì. Sienna kan wà lórí jáàkì, Mìkírà méjì ń dúró de rìwáyà, kọ̀rọ́pẹ̀ kan ò tiẹ̀ ráyè wọlé, ìta ni àwọn ọmọṣẹ́ ti ń tú u. Ìyá oníṣòwò kan tó ń lọ sí Adó-Èkìtì gbé Corolla wọn dé. Wọn ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí wọ́n ti ní: "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí o. Látìgbà tí oṣù ẹ́ńbà ti wọlé ló ti ń ṣe mí báṣubàṣu. Àwọn tó ń wá ẹ̀jẹ̀ ti dé." Wọ́n ti fi òróró àdúrà ra táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

N kò bá wọn jiyàn. Mo tú táyà iwájú lápá òsì, mo sì pè wọ́n wá wò ó. Rọ́bà tó bo ẹnu ṣáàfù, irin tó ń yí táyà, ti ya, ẹrẹ̀ pupa kún inú rẹ̀, ó ti gbẹ bí àpáàdì.

"Mọ́mì, ìgbà wo ni òjò rọ̀ kẹ́yìn?"

Wọ́n ronú díẹ̀. "Á tó oṣù kan àbọ̀."

"Ẹrẹ̀ yìí ńkọ́, ìgbà wo ló wọbẹ̀?"

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kejìlá, ìyẹn September dé December tí wọ́n ń pè ní oṣù ẹ́ńbà, irin a máa ya wèrè, àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣọdún a sì jáde, tí ọkọ̀ tó ń ṣe dáadáa látọdún á ṣàdédé máa dá sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwa mẹkáníìkì ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀rí: ẹ wo bí ọkọ̀ ṣe tò rẹrẹ níbẹ̀. Òótọ́ ni, ọkọ̀ tò. Ìdí tó fi tò ni wọ́n ṣì mú.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ mú ti orúkọ kúrò ńlẹ̀. Orúkọ àwọn oṣù yìí, òǹkà Látìn ni: septem ni méje, octo ni mẹ́jọ, novem ni mẹ́sàn-án, decem ni mẹ́wàá, torí pé oṣù kẹta ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún. Tó bá jẹ́ orúkọ ló ń gbẹ̀jẹ̀, oṣù kẹjọ tí àwa Yorùbá ń pè ní oṣù Ògún ló yẹ kí gbogbo onímọ́tò tilẹ̀kùn mọ́rí fún. Ṣebí Ògún ló ni irin. Oṣù kẹjọ yẹn gan-an ni mo máa ń ráyè sun oorun ọ̀sán lábẹ́ igi máńgòrò.

Òjò ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ níbí, àwa kàn ń pẹ́ mọ̀ ni. Òjò Ifẹ̀ máa ń dé ní ìparí oṣù kẹta tàbí inú oṣù kẹrin, á le ní oṣù kẹfà sí ìkeje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún wá fi agbára padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Oṣù kẹwàá yẹn là ń pè ní Ọ̀wàrà. Létí tèmi, kò jìnnà sí ọ̀wààrà òjò. Ní gbogbo àkókò yẹn, inú kòtò tí omi bò mọ́lẹ̀ ni ọkọ̀ ń já sí, láti Lágere dé Modákẹ́kẹ́, ká má tíì dárúkọ ọ̀nà Iléṣà. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí táyà bá bọ́ sí kòtò burúkú, rọ́bà ṣáàfù lè ya níwọ̀n èékánná. Ẹ ò ní gbọ́ ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Gírísì á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ á máa gba ipò rẹ̀, títí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa yí ọwọ́ ọkọ̀ tẹ́ ẹ sì máa gbọ́ kà-kà-kà. Ọjọ́ yẹn sábà máa ń bọ́ sí oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, ẹ̀bi á sì di ti ẹ́ńbà.

Bíréèkì ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí òun ló ń pààyàn. Òróró bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ inú ike tí wọn ò dé ṣe máa ń rin lásìkò òjò. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó títí ooru yóò fi dé 205°C. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀ tó 3.7 nínú 100, ó lè máa hó ní 140°C. Ti DOT 4, 230°C ni bó bá jẹ́ tuntun, 155°C bí omi bá ti wọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí òróró bá hó, ó di èéfín, èéfín ò sì ṣeé fi ti nǹkan bí òróró ṣe ṣeé fi ti nǹkan. Ẹ óò tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín á lọ dé ilẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ á ṣì máa lọ.

Nínú ìlú, ẹ lè máa wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan kẹ́ ẹ má mọ nǹkan kan. Láti Mayfair dé Sábó, bíréèkì ò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kó èèyàn méje sínú Sienna, ẹ di iṣu àti ìrẹsì sẹ́yìn, ẹ wá máa sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tó wà lọ́nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì. Ìgbà tí òjò ń rọ̀ ni omi ti wọ òróró yẹn, Kérésìmesì nìkan ló gbé e dórí òkè.

Táyà náà rí bẹ́ẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré a máa pọ́n ara rẹ̀ bó ṣe ń yí, a máa gbóná, ẹrù á tún wá tẹ̀ ẹ́, oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ á sì máa jó títì tó ń sá lé lórí. Tó bá tún wá jẹ́ táyà tòkunbọ̀ tó ti gbó kó tó sọdá òkun, ẹ ò nílò iwin kó tó bẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí òǹkà mẹ́rin níparí ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú ọdún 2019.

Kí ló wá dé tí gbogbo wọn fi ń dé lẹ́ẹ̀kan náà? Owó ni. Àgbègbè kòkó nìyí. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni kòkó ń jáde jù, àgbẹ̀ tó ti ń fi wáyà so sáíléńsà rẹ̀ látinú oṣù kẹfà, ìgbà tó bá tà ló máa rántí wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń dúró de owó oṣù kejìlá. Ọkọ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, ojúlé wa ni wọn ò tíì yà. Tó bá di oṣù kìíní, owó ilé ìwé á gba gbogbo ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á dá páropáro. Ṣé iwin ti lọ sílé ni?

Ní 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ná gééètì OAU ò rí èrò gbé, àwa náà ò rí bíréèkì pààrọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn bá wà ni iṣẹ́ wa ń lọ.

Àwa ará Ifẹ̀ ló sì yẹ kọ́rọ̀ yìí yé jù. Wọlé Ṣóyínká ń kọ́ni ní yunifásítì wa nígbà tó ń ṣáájú ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ pe Ògún ní òrìṣà òun nìyẹn o, síbẹ̀ eré àsápajúdé àti ìwàkuwà ni wọ́n dojú kọ. Ìpolongo ẹ́ńbà tí àjọ náà ń ṣe lọ́dọọdún, torí ọkọ̀ tó ń pọ̀ lójú ọ̀nà lásìkò ọdún ni.

N ó jẹ́wọ́ ohun kan: iṣẹ́ tá a ń ṣe lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù kejìlá kì í dára tó ti oṣù kọkànlá. Oníbàárà mẹ́wàá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọṣẹ́ ti rẹ̀, páàtì gidi ti tán lọ́jà, ayédèrú ló kù. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá ló dára jù: òjò ti ń dáwọ́ dúró, ohun tó bàjẹ́ ti hàn, àwa sì ráyè.

Mọ́mì gbọ́ ṣá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé láàárọ̀ Tuesday kan nínú oṣù kọkànlá, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ṣáájú wọn. A fa òróró bíréèkì àtijọ́ dànù, ó dúdú bí àgbo, a da tuntun sí i. Nígbà tí mo yọjú lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ti so ìró mọ́dìí, wọ́n lóṣòó sídìí táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú awò ojú wọn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò nu eruku.

"Ọ̀gá, 4815 lèyí o. Ẹ bá mi pe fọkanáísà."